Ọ̀kẹ́ Kan: Ìṣirò Inú 20,000

Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000. Láyé owó ẹyọ, iye yìí ló ń kún àpò kan, òun náà sì ni wọ́n fi ń ka owó ńlá láti ilẹ̀ Yorùbá títí dé Dàhómì.  

Ogójì ẹyọ owó ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́. Bí a bá tú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta palẹ̀, 2 àti 5 nìkan ni a óò bá níbẹ̀: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, tí í ṣe 32, àti 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5 lọ́nà 5, tí í ṣe 625. 32 lọ́nà 625 ni 20,000. Nítorí èyí, ọgbọ̀n nọ́ńbà ló lè pín in láìṣẹ́kù.

Ọwọ́ àwọn akawó mọ èyí dáadáa. Àlùfáà Adolphus Mann, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní Ìjàyè, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1887: akawó a da àpò sílẹ̀, a jókòó tì í, a máa ṣa owó ní márùn-ún márùn-ún nígbà ogún títí yóò fi pé ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì a di òkìtì igba. Ọgọ́rùn-ún òkìtì bẹ́ẹ̀ ló pé ọ̀kẹ́, kò sì sí ìpele kan tí ẹyọ owó yóò ti ṣẹ́ kù. Ibi tí àbùkù rẹ̀ wà ni 3. Bí àwọn mẹ́ta bá da òwò pọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ pín ọ̀kẹ́ kan, 6,666 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹyọ méjì á sì ṣẹ́ kù.

Wọ́n sábà máa ń sọ pé ogún ni ìpìlẹ̀ òǹkà Yorùbá. Ó tọ́ dé irinwó, tí í ṣe 20 lọ́nà 20, tó sì ní orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n 20 lọ́nà 20 lọ́nà 20, ìyẹn 8,000, kò ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀; ẹgbàárin ni, 2,000 lọ́nà mẹ́rin. Láti ogún sí igba, sí ẹgbàá, sí ọ̀kẹ́, ìlọ́po mẹ́wàá-mẹ́wàá ni òǹkà fi ń gòkè. Ẹni tó bá pè é ní òǹkà ológún nìkan ti fojú fo ìdajì ọgbọ́n inú rẹ̀. Ìyọkúrò náà wà níbẹ̀: ẹgbàáwàá tí a yọ ẹgbẹ̀rún kúrò nínú rẹ̀ ni 19,000, ẹ̀ẹ́dẹ́gbàáwàá.

Ẹwà kan tún wà tí ọjà kò bèèrè fún. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni a lè gbà fi odidi nọ́ńbà méjì, tí a sọ ìkọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, kó 20,000 jọ: 100 àti 100, 20 àti 140, 68 àti 124.

Àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni 1,000,000. Níwọ̀n bí 50 pẹ̀lú ti jẹ́ ti 2 àti 5 nìkan, òǹkà owó ẹyọ bá mílíọ̀nù tí wọ́n fi ń ka náírà àti sẹ́fà lónìí dọ́gba géérégé.