Ìyẹ́ Kù, Òdòdó Lọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Iwin Tánńganran

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ ti lè rí wọn rí nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Amẹ́ríkà: ọmọláńgidi kéékèèké, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn pọ́n díẹ̀, ìyẹ́ wà lẹ́yìn wọn bíi ti labalábá. Tánńganran ni wọ́n fi ṣe orí àti ọwọ́ wọn. Àwọn tó ń kó wọn jọ kì í ju páálí wọn nù, wọ́n sì máa ń tọ́jú ìwé ẹ̀rí tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Iṣẹ́ ọnà náà gan-an ni mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí á mú Flower Fairies ti Cicely Mary Barker, torí pé wọ́n ti fi tánńganran ṣe àwọn iwin rẹ̀ náà. Croydon ni wọ́n bí i sí ní 1895. Ìwé àkọ́kọ́, Flower Fairies of the Spring, jáde ní 1923. Pọ́n-ùn 25 péré ni wọ́n san fún un lórí àwòrán 24 pẹ̀lú ewì wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dorothy, ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi, àwọn ọmọ ibẹ̀ ló sì máa ń jókòó kí Barker lè yà wọ́n. Ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló fi ṣe ìyẹ́ fún wọn.

Òdòdó ńkọ́? Òdòdó gidi ló ń wò yà. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀ kan tó jáde ní 1948, ó sọ ọ́ gbangba fún àwọn ọmọdé pé òun ò rí iwin rí, pé eré lásán ni, àmọ́ òdòdó inú ìwé náà, òótọ́ ni. Èèyàn lè mú ìwé yẹn dání lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó sì fi dá ewéko mọ̀.

Ó wá di tánńganran. Amọ̀ ṣíṣàn ni wọ́n ń dà sínú ohun ìdà, kí wọ́n tó sun ún nínú iná tó lè ju ìwọ̀n Celsius 1,200 lọ. Amọ̀ máa ń sún kì nínú iná. Ohun tó bá tín-ín-rín jù á tẹ̀ tàbí kó ṣẹ́. Ojú máa ń jáde dáadáa, òdòdó ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi sílíìkì rán an, ó di yẹ̀rì! Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ ò ní mọ òdòdó wo ni. Ohun ìdà kan náà ló sì ń bí ojú púpọ̀, làwọn ọmọ Croydon tí kálukú ní ojú tirẹ̀ bá di ọmọ ìyá kan. Ohun tí Barker pè ní eré ló kù. Èyí tó pè ní òótọ́ ti lọ.

Ẹ má sì di ẹ̀bi ru amọ̀ o. Ní Vincennes, ní ilẹ̀ Faransé, láàárín ọdún 1740 sí 1750, àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ mọ ewé òdòdó tánńganran lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkókò àti owó ni wọn ò fẹ́ ná sórí ọmọláńgidi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ Yorùbá, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà “iwin.” Ẹni tó bá ti ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà kọ ní 1938 mọ̀ pé èèyàn kì í tì í mọ́ inú gíláàsì. Àwọn ará Britain àtijọ́ pàápàá bẹ̀rù tiwọn. Wọ́n ní ó máa ń jí ọmọ ọwọ́ gbé, kó fi tirẹ̀ dípò. Ìtumọ̀ wa ò burú, ọmọláńgidi ló kéré sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ má tètè wo ojú. Ẹ wo òdòdó tó dì mú, kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń tà á lórúkọ rẹ̀.