Ẹnà, Àrokò àti Ojú Tí A Kò Rí: Àyẹ̀wò Fíìmù Citizenfour ti Laura Poitras

Ìṣòro kan wà tí ó máa ń dojú kọ olùdarí fíìmù tí ó bá fẹ́ sọ ìtàn bí ìjọba ṣe ń ṣọ́ àwọn ènìyàn. Fíìmù jẹ́ iṣẹ́ ọnà tí a fi ojú wò. Ìṣọ́ni, ní tirẹ̀, jẹ́ iṣẹ́ tí kò fẹ́ kí ojú rí òun rárá. Nínú eré orí ìtàgé Yorùbá, ọ̀nà tí a ń gbà fi amí hàn kò le: ẹnì kan yóò lúgọ sí ẹ̀yìn ògiri, yóò na etí, àwọn òǹwòran yóò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti jò. Àjọ NSA ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà kò fi ẹnikẹ́ni sí ẹ̀yìn ògiri. Okùn tí ó gba abẹ́ òkun kọjá ni ó dẹ etí sí. Àkọsílẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ó ń gbà. Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè di àwòrán? Ìdáhùn tí Laura Poitras fún ìbéèrè yìí nínú Citizenfour, fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ ojú ayé tí ó jáde ní ọdún 2014 tí ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní ọdún 2015, ni bébà yìí gbé yẹ̀ wò. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé ìdáhùn náà múná dóko ní gbogbo ibi tí fíìmù náà ti fara balẹ̀ tí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n ó mẹ́hẹ ní ibi tí ó ti sọ Edward Snowden di akọni tí a kò gbọdọ̀ bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ìtàn inú rẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013, ẹnì kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Citizenfour bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí Poitras. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Poitras àti àwọn oníròyìn méjì, Glenn Greenwald àti Ewen MacAskill ti ìwé ìròyìn The Guardian ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù, pàdé rẹ̀ ní yàrá hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Hong Kong. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà ni ìròyìn àkọ́kọ́ jáde: ilé-ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ kan ti pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ Verizon máa kó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ìjọba lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 9, Snowden fi ara rẹ̀ hàn fún gbogbo ayé.

Àwọn lẹ́tà wọ̀nyẹn ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ dúró tì. Ohùn Poitras fúnra rẹ̀ ni ó ń kà wọ́n. Ojú ẹni tí ó kọ wọ́n kò sì tíì hàn. A ti fi ọgbọ́n ìṣírò dì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá já wọn gbà lójú ọ̀nà kò ní rí ju àkójọ lẹ́tà aláìnítumọ̀ lọ. Ohun tí ó súnmọ́ èyí jù nínú èdè Yorùbá ni ẹnà, nítorí pé nínú ẹnà, ọ̀rọ̀ ń kọjá ní etí gbogbo ènìyàn, ẹni tí ó mọ ìlànà rẹ̀ nìkan ni ó sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àrokò ni ó wúlò jù láti fi ṣàlàyé ohun tí ìjọba Amẹ́ríkà ń kó jọ. Ẹni tí ó bá di owó ẹyọ mẹ́fà pọ̀ ránṣẹ́ sí olùfẹ́ rẹ̀ ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i. Ìránṣẹ́ tí ó gbé e lọ lè máà mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Oníbodè tí ó rí ìránṣẹ́ náà ní ẹnu ibodè kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ohun tí oníbodè mọ̀ ni ẹni tí ó ránṣẹ́, ẹni tí a ránṣẹ́ sí, àkókò tí ìránṣẹ́ kọjá, àti iye ìgbà tí ó ti kọjá rí. Bí oníbodè bá ń kọ gbogbo èyí sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, tí gbogbo ibodè ilẹ̀ náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ìdí fún un mọ́ láti tú ẹrù ẹnikẹ́ni wò. Yóò mọ ẹni tí ó ń fẹ́ ẹni, ẹni tí ó ń ṣàìsàn, àti ẹni tí ó ń dìtẹ̀.

Irú àkọsílẹ̀ oníbodè yìí gan-an ni àṣẹ Verizon bèèrè: nọ́ńbà tí ó pè, nọ́ńbà tí a pè, àkókò, àti bí ìpè náà ṣe pẹ́ tó. Nígbà tí Ààrẹ Obama sọ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2013 pé kò sí ẹni tí ó ń tẹ́tí sí ìpè àwọn ará ìlú, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹrù àrokò ni ó ń sọ pé a kò tú. Fíìmù náà mọ kókó yìí. Ìran kan wà níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ní New York bí káàdì ọkọ̀ ojú irin àti káàdì báńkì ṣe ń fi ipa ẹsẹ̀ ènìyàn hàn bí a bá so wọ́n pọ̀. Àwọn òǹwòran nílò ìran yìí ju ọ̀pọ̀ ìran mìíràn lọ, ṣùgbọ́n Poitras sáré kọjá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ yóò jáde kúrò níbi fíìmù pẹ̀lú èrò pé etí ni ìjọba ń tẹ́ sí òun nìkan.

Inú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ni iṣẹ́ ọnà Poitras ti dára jù. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ bí kò ṣe pé àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni aago ìkìlọ̀ iná bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Snowden pe àwọn òṣìṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àyẹ̀wò lásán ni àwọn ń ṣe. Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti yọ okùn tẹlifóònù yàrá náà, ó sì ti ṣàlàyé pé a lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé e. Yorùbá ní ògiri létí. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àfiwé. Láti ìgbà yẹn lọ, òǹwòran kò lè wo àga, fìtílà tàbí tẹlifóònù inú yàrá náà láìfura. Bí Poitras ṣe ya ohun tí a kò rí nìyẹn: kò fi ojú tí ń ṣọ́ni hàn, ìfura ni ó gbìn sí ọkàn ẹni tí ń wò ó. Ìran aṣọ pupa náà ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Snowden fi aṣọ bo orí àti kọ̀ǹpútà kí ó tó tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀. Ó pani lẹ́rìn-ín, ó sì yẹ kí ó pani lẹ́rìn-ín, nítorí ẹ̀kú yìí yí ìlò ẹ̀kú padà: nínú eégún, iṣẹ́ ọwọ́ eégún hàn, ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ mọ̀, níhìn-ín, gbogbo wa mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ aṣọ, iṣẹ́ ìka rẹ̀ nìkan ni ó pamọ́.

Ní ti ìbéèrè àti ìdáhùn, MacAskill ni ó ṣe iṣẹ́ oníròyìn jù nínú yàrá náà. Ó jẹ́wọ́ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin yìí, ó sì bi í ní orúkọ rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbé àṣírí ìjọba wá kò yẹ kí ó bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè nítorí pé àṣírí rẹ̀ tóbi.

Ọ̀rọ̀ ìmùlẹ̀ ni fíìmù náà ti kùnà. Àṣà Yorùbá kò fi ojú kékeré wo ẹni tí ó bá tú awo. Olófòófó kò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Awo ní í gbé awo nígbọ̀nwọ́. Ẹni tí ó bá ka ìwọ̀nyí sí òtítọ́ yóò bèèrè pé: irú ènìyàn wo ni Snowden, olófòófó tàbí ẹni tí ó figbe ta nígbà tí iná fẹ́ jó ilé? Ìbéèrè náà kò rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jẹ́ àjèjì sí Poitras: fíìmù tí ó ṣe ní ọdún 2010 ń jẹ́ The Oath, ìbúra sì ni kókó rẹ̀. Nínú ti 2014, ó fi ìbéèrè náà sílẹ̀. Òfin ọdún 1917 lórí ìṣamí, tí a fi fẹ̀sùn kan Snowden ní oṣù kẹfà ọdún 2013, kò fún olùjẹ́jọ́ láyè láti sọ pé ire ará ìlú ni òun ń wá. Fíìmù náà mú wa gbọ́ èyí láti ẹnu àwọn agbẹjọ́rò, ṣùgbọ́n kò gbé e padà sọ́dọ̀ Snowden fúnra rẹ̀. Ìdáhùn tí ó lágbára jù wà nínú fíìmù náà, kò kàn lò ó ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, James Clapper, olórí gbogbo iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ilẹ̀ náà, jókòó níwájú àwọn sẹ́nétọ̀, wọ́n bi í bóyá ìjọba ń kó àkọsílẹ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́pọ̀ yanturu, ó ní rárá. Bí ìmùlẹ̀ bá wà láàárín ìjọba àti àwọn aṣòfin tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ ìjọba, Clapper ni ó kọ́kọ́ dalẹ̀. Àwòrán yẹn hàn, ó sì kọjá lọ láìsí ẹni tí ó so ó mọ́ ọ̀rọ̀ Snowden.

Bí ìjọba ṣe ń dẹ́rù ba oníròyìn hàn gbangba ju èyí lọ. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń dá Poitras dúró léraléra ní pápákọ̀ òfuurufú, títí tí ó fi kó iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Berlin. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2013, a dá David Miranda, alábàágbé Greenwald, dúró ní Heathrow fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́sàn-án lábẹ́ òfin ìdènà ìpániláyà. Ní oṣù kan ṣáájú, The Guardian ti fọ́ àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ Snowden wà nínú wọn, lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Òǹkàwé Nàìjíríà yóò rántí The Guardian mìíràn. Lábẹ́ Òfin Ológun Kẹrin ti ọdún 1984, nínú èyí tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ kò gba oníròyìn sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà bá ti lè tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba, a rán Túndé Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian ti ìlú Èkó lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, a sì bu ìtanràn 50,000 náírà lé ilé-iṣẹ́ wọn. Wọ́n kọ̀ láti sọ ẹni tí ó fún wọn ní ìròyìn. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọdún 1984 àti 2013 ni ó yẹ kí ó dẹ́rù bani jù. Ní Èkó, ìjọba nílò ẹnu oníròyìn. Bí ẹnu náà bá dákẹ́, àṣírí dúró. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2013, àjọ ìròyìn Associated Press kéde pé ìjọba Amẹ́ríkà ti gba àkọsílẹ̀ ìpè tí ó ju ogún ẹ̀ka tẹlifóònù rẹ̀ lọ láìsọ fún un. Kò sí ẹni tí ó bi oníròyìn kankan léèrè. Oníbodè ti dáhùn.

Poitras mọ èyí. Ní ìparí fíìmù rẹ̀, ní Moscow, Greenwald kò fi ẹnu sọ ohun tí ó pàtàkì fún Snowden. Ó ń kọ ọ́ sórí bébà, ó ń tì í sí i, lẹ́yìn náà ó ń ya á sí wẹ́wẹ́. Òǹwòran ń rí ẹni tí ó kọ̀wé, ẹni tí a kọ ọ́ sí, àti bí ojú ṣe yí padà. Díẹ̀ nínú ohun tí a kọ ni ó rí.

Síbẹ̀, àwọn kan kò sí nínú fíìmù náà rárá. Abala 702 nínú òfin Amẹ́ríkà fún ìjọba ní àṣẹ láti tọpa ìbánisọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tí ó wà lẹ́yìn odi láìsí ìwé àṣẹ ilé-ẹjọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ará Ìbàdàn tàbí Kùtọnu wà nínú àwọn àjèjì wọ̀nyí. Ìran tí Greenwald ti ń sọ èdè Potogí níwájú àwọn aṣòfin Bùràsíìlì ni ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ wọn jù, kò sì pẹ́. Ní ọdún 2015, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà fòpin sí kíkó àkọsílẹ̀ ìpè àwọn ará ìlú wọn jọ; ní ọdún 2020, ilé-ẹjọ́ kan dájọ́ pé iṣẹ́ náà lòdì sí òfin. Abala 702, ní tirẹ̀, ni wọ́n tún fọwọ́ sí ní ọdún 2018 àti ní ọdún 2024.