Ègbè Láìsí Apàlọ́: Mike Ejeagha, William Onyeabor àti Àwárí Orin Àtijọ́ ní Enugu

Ní oṣù Keje ọdún 2024, aláwàdà kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Brain Jotter jó sí orin kan tí ó ti jáde láti ọdún 41 sẹ́yìn, ó sì fi ijó náà sórí ẹ̀rọ ayélujára. Kò pẹ́ tí ijó yìí fi gba ìgboro. Wọ́n ń jó o níbi ìgbéyàwó, wọ́n ń jó o nínú ọgbà ilé-ìwé, àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Ìgbò náà ń jó o. Gwo Gwo Gwo Ngwo ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tí ó ni orin náà ni Mike Ejeagha, ọmọ Imezi Owa ní ìjọba ìbílẹ̀ Ezeagu, tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń pè ní Gentleman. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i, nítorí náà ó ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà tí òkìkí tuntun yìí bá a nílé ní Enugu. Brain Jotter lọ kí i níbẹ̀, ó sì fún un ní mílíọ̀nù 2 náírà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Enugu fi orúkọ rẹ̀ sọ ojú ọ̀nà kan ní Abakpa. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 2025, baba náà papò dà.

Àwọn oníròyìn sọ pé àwọn ọ̀dọ́ ti ṣàwárí olórin tí ayé ti gbàgbé. Ìbéèrè tí a gbé wá sí àpérò yìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni wọ́n ṣàwárí gan-an? Ní ojú tiwa, ègbè ni wọ́n rí. Àlọ́ tí ó ni ègbè náà ṣì wà níbi tí ó wà ṣáájú ọdún 2024, àwa olùkọ́ èdè ni ó sì kàn láti lọ gbé e.

Àlọ́ tí ó wà nínú orin náà

Ka Esi Le Onye Isi Oche ni àkọlé orin yìí, ó sì wà nínú àwo Akuko N'Egwu tí ó jáde ní ọdún 1983. Bí a bá tú àkọlé náà sí Yorùbá tààrà, ohun tí ó ń wí ni 'Bí Wọ́n Ṣe Ta Alága'. Ọba kan ní ọmọbìnrin, Ìjàpá sì fẹ́ fi í ṣe aya. Erin ni ọba ní kí ó mú wá. Ìjàpá lọ bá Erin, ó ní òde ńlá ń bẹ láàfin, àti pé Erin ni wọ́n fẹ́ fi ṣe alága òde náà. Inú Erin dùn. Ìjàpá bọ́ síwájú, Erin ń tẹ̀ lé e, orin ń lọ, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń dúró dè é. Ègbè ìrìn yẹn ni gbogbo ayé ń jó.

Kò sí Yorùbá tí ó dàgbà sí ìdí àlọ́ tí yóò gbọ́ ìtàn yìí tí kò ní rẹ́rìn-ín músẹ́. Àlọ́ Ìjàpá àti Erin tiwa náà ni! Ìjàpá lọ tan Erin nínú igbó pé àwọn ará ìlú fẹ́ fi í jọba, ìlù ń dún, orin ń lọ, Erin ń mi orí bọ̀ láti wá jókòó sórí ẹní tí wọ́n tẹ́ bo kòtò. A kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ pa àlọ́ náà. Ohun tí ó gba àfiyèsí wa ni ibi tí Ejeagha ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìtàn. Nínú tiwa, adé ni wọ́n fi tan Erin. Nínú tirẹ̀, àga alága ni. Ta ni kò mọ alága òde ní Nàìjíríà? Òun ni wọ́n ń pè sórí tábìlì ńlá, òun ni wọ́n ń kà ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá kí ó tó jókòó, òun náà sì ni wọ́n ń wò lójú nígbà tí owó bá kù. Erin inú orin yìí kì í ṣe ẹran igbó mọ́. Ó ti di ọlọ́lá kan tí ó wọ aṣọ ńlá lọ sí òde tí wọ́n ti ta á kí ó tó kúrò nílé. Gbogbo ẹ̀fẹ̀ orin náà wà nínú ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta yìí, onye isi oche, èyí sì ni ẹni tí ó kàn ń jó kò gbọ́.

Ṣùgbọ́n a kò ní bá wọn bú àwọn ọ̀dọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àlọ́ àpagbè ṣe rí. Apàlọ́ ni ó ni lílé, àwọn ọmọ ni ó ni ègbè. Ègbè gbọ́dọ̀ kúrú, ó gbọ́dọ̀ rọrùn lẹ́nu, kò sì pọn dandan kí ó ní ìtumọ̀ tí ènìyàn lè yọ jáde bí ẹni yọ ẹ̀gún ẹja. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ tí oorun ti ń kùn, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí kò mọ ibi tí ìtàn dé, gbogbo wọn ni wọ́n ní láti lè dá sí i. A jẹ́ pé àwọn tí ó ń jó lọ́dún 2024 ṣe ohun tí ègbè ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbè é. Fóònù ni ó gé apàlọ́ kúrò. Ní ojúde ilé lábẹ́ òṣùpá, bí ègbè bá parí, ẹnu yóò dákẹ́ kí apàlọ́ lè gbé ìtàn dé ibòmíràn, kí ègbè tó ń bọ̀ lè ní ìwúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé Erin ti sún mọ́ ewu. Nínú fídíò ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ègbè ń tẹ̀ lé ègbè. Erin ń rìn, kò sì dé ààfin rí.

Ohun kan tilẹ̀ pa wá lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láàrin àwọn ará ìlà-oòrùn, bí ọ̀rọ̀ ẹnìkan bá ti gùn jù, wọ́n a ní ó ti bẹ̀rẹ̀ akuko Mike Ejeagha. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ àpèjúwe fún ìtàn gígùn ni ayé wá mọ̀ nípa gbólóhùn tí ó kúrú jù lọ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ngwo àti orúkọ rẹ̀

Àwọn aṣojú tí ó gba 9th Mile wọ Enugu ti gba ilẹ̀ Ngwo kọjá, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú wọn ti máa rò pé ìlú yìí ni ègbè náà ń pè. A kò gbọdọ̀ fi ìró tí ó jọra kọ ìtàn ìlú. Àlọ́ ni àlọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí Ngwo fi kan orin Enugu, inú ilẹ̀ ni kí a wò, nítorí èédú ni. Ọdún 1909 ni àwọn awalẹ̀wò ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rí èédú lára àwọn òkè Udi. Ní ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, ní ọdún 1916 ọkọ̀ ojú irin ti ń gbé e lọ sí Port Harcourt. Láti ara Enugwu Ngwo, abúlé tí ó wà lórí òkè, ni ìlú tuntun tí ó hù sísàlẹ̀ ti rí orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin Ngwo, Udi àti Owa wọ inú kòtò èédú lọ, wọ́n ń gba owó oṣù, owó oṣù sì ni ó ń ra gìtá àti giramafóònù, òun ni ó ń gbé ilé ijó ró. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà 21 ní Iva Valley. Ọmọ ọdún 19 ni Ejeagha nígbà náà. Ìlú tí ó kọ́ ọ ní orin nìyẹn, ìlú òṣìṣẹ́ tí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àpọ́nlé tan ènìyàn lọ síbi tí wọn yóò ti tà á.

Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun

Ní Enugu yìí kan náà, wọ́n ti ṣàwárí olórin mìíràn ṣáájú, ní ọ̀nà tí kò jọ èyí rárá. Láàrin ọdún 1977 sí 1985, William Onyeabor ń gbé àwo jáde fúnra rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Wilfilms. Atomic Bomb jáde ní 1978, Good Name ní 1983, ọdún kan náà pẹ̀lú orin Ejeagha tí à ń sọ. Lẹ́yìn náà ó di àtúnbí, ó sì pa ẹnu dé lórí orin. Ní ọdún 2013, Luaka Bop, ilé-iṣẹ́ àwo tí David Byrne dá sílẹ̀ ní New York, ṣa díẹ̀ nínú orin rẹ̀ jọ, wọ́n sì fi ìbéèrè ṣe àkọlé: Who Is William Onyeabor? Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Byrne, Damon Albarn àti àwọn mìíràn ń kọ orin rẹ̀ lórí ìtàgé nílẹ̀ òkèèrè. Onyeabor kò bá wọn lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ó kú ní ilé rẹ̀ ní Enugu.

Ìbéèrè ará New York yẹn kò ní ìtumọ̀ ní Enugu. Wọ́n mọ̀ ọ́n níbẹ̀ dáadáa: olóyè ni, oníṣòwò tí ó ní ilé-iṣẹ́ ìyẹ̀fun. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní wọ́n gbàgbé olórin kan, ó yẹ kí a máa béèrè pé ta ni ó gbàgbé rẹ̀. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù sí wa ni ìdí tí ó fi jẹ́ Onyeabor ni wọ́n mú. Ó pọ̀ jù lọ nínú orin rẹ̀ tí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀rọ synthesizer ni ó ń gbé e lọ. Ẹni tí ń ra àwo láìgbọ́ èdè, ohùn ni ó ń rà. Orin Onyeabor fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn pátápátá, ó sì dára bẹ́ẹ̀. A kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ṣùgbọ́n irú etí bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ Ejeagha, nítorí pé gìtá rẹ̀ ń rọra lọ sísàlẹ̀ kí ìtàn lè ráyè lókè.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a rí ìpadàbọ̀ tí ó sàn ju méjèèjì lọ. Fatai Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, tí Ebenezer Obey ti bá ṣeré rí nígbà èwe rẹ̀, pòórá lójú ayé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lẹ́yìn ọdún 2000 ó padà dé pẹ̀lú gìtá rẹ̀, ó kọ Wọ́n Kéré sí Nọ́ńbà Wa, àwọn ọmọ tí ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń jó o títí ó fi kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2013. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ lílé. Ejeagha kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí ti lọ jù.

Ohun tí a lè ṣe nínú kíláàsì

Àbá wa kéré, ṣùgbọ́n ó gba àkókò. Kí olùkọ́ fi orin náà lu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnikẹ́ni má jó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ Ìgbò dá lílé rẹ̀ kọ sílẹ̀, kí ó sì sọ ìtàn náà fún ẹnìkejì rẹ̀ tí ó jẹ́ Yorùbá, kí wọ́n jọ tú u láìgba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá. Mbe yóò di Ìjàpá, Enyi yóò di Erin láìsí wàhálà. Níbi onye isi oche ni wọn yóò ti jà díẹ̀, bóyá alága tó, àbí ó yẹ kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ tí ó ní ìfiniṣẹ̀sín nínú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjà yẹn ni ẹ̀kọ́ náà. Ègbè ní tirẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ irú àlọ́ tí Adébóyè Babalọlá kó sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá ní ọdún 1973, kí wọ́n wo ohun tí ìwé pa mọ́ tí àwo pàdánù, àti ohun tí àwo pa mọ́, pàápàá ìsinmi ohùn apàlọ́, tí ìwé kò lè tẹ̀.

Bí wọ́n bá ti ṣe ìyẹn tán, Celestine Ukwu ni kí ó kàn. Ní ọdún 1962 ó wà nínú ẹgbẹ́ Ejeagha ní Enugu, lẹ́yìn ogun ó dá Philosophers National sílẹ̀, ó gbé Ilo Abu Chi jáde ní 1974, ìjàǹbá ọkọ̀ sì pa á ní oṣù Karùn-ún ọdún 1977 kí ó tó pé ẹni ogójì ọdún. Àwọn olùṣàjọ àwo nílẹ̀ òkèèrè mọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn ni ó ń kọ, ó ń fara balẹ̀ kọ ọ́, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè gé nínú rẹ̀ láti fi jó fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.