Láti orí Wèrè dé orí Àròkàn: Ìtàn Àròsọ Ọ̀dọ́langba nípa Àìsàn Ọpọlọ àti Ìmọ̀ Ọ̀rọ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Òwe yìí pín àwùjọ sí ọ̀nà méjì: àwọn tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń wòran, àti àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn nílé. Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ lórí àìsàn ọpọlọ, èdè òǹwòran ni ọ̀pọ̀ nínú wọn: wèrè, asínwín, dìgbòlugi, orí rẹ̀ ti yí, ó ti wọjà. Ohun tí ojú rí láti òkèèrè ni wọ́n ń sọ. Kò sí èyí tó sọ ohun tí aláìsàn ń gbọ́ nínú ara rẹ̀, tàbí ohun tí ìyá rẹ̀ ń rò lóru.

Iṣẹ́ yìí yẹ ìtàn àròsọ méjì wò, tí a kọ fún àwọn ọ̀dọ́langba ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Challenger Deep ti Neal Shusterman (2015) àti Turtles All the Way Down ti John Green (2017). Kókó rẹ̀ ni pé irú ìtàn báyìí lè fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní èdè ẹni tí àìsàn náà wà nílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní rí bẹ́ẹ̀ bí olùkọ́ bá kàn ń ṣa ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó le jọ bí ẹni ń ṣa ẹ̀kùrọ́ lábẹ́ ọ̀pẹ.

Bí ìtàn ṣe ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀

Ìwádìí ti fi hàn pé ènìyàn lè kọ́ ọ̀rọ̀ láìmọ̀ pé òun ń kọ́ ọ. Ní ọdún 1978, Saragi, Nation àti Meister fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè àbínibí wọn ní A Clockwork Orange ti Anthony Burgess láti kà. Ìwé náà kún fún ọ̀rọ̀ ẹnà tí òǹkọ̀wé fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn yọ láti inú èdè Rọ́ṣíà. Wọn kò sọ fún àwọn òǹkàwé náà pé a ó dán wọn wò lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Síbẹ̀, nígbà tí ìdánwò dé, wọ́n mọ ìtumọ̀ nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀ 90 tí a bi wọ́n. Ní ìdà kejì, iṣẹ́ Nagy, Herman àti Anderson (1985) fi yé ni pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré ni ọmọ ilé-ìwé ń mú nígbà tó bá pàdé wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìwé. Ohun tí a rí dì mú nínú méjèèjì ni pé àwítúnwí ló ń fi ọ̀rọ̀ múlẹ̀. Ìtàn nípa àìsàn ọpọlọ sì ní àwítúnwí tirẹ̀, nítorí pé àìsàn náà fúnra rẹ̀ a máa padà wá sí ojú kan.

Èrò tó ń yí bí òkòtó

Aza Holmes, ọmọ ọdún 16 ní ìlú Indianapolis, ni olùsọtàn nínú ìwé Green. Èrò kan ló gbà á lọ́kàn: pé kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú ara òun yóò pa òun. A máa fi èékánná àtàǹpàkò tẹ orí ìka rẹ̀ títí tí yóò fi dégbò. Yóò fọ egbò náà, yóò pààrọ̀ bándéèjì, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Lámèyítọ́ tó bá ń wá ìtẹ̀síwájú ìtàn lè kà á sí àbùkù pé ọ̀rọ̀ kan náà ń padà wá nínú kíláàsì, nínú ọkọ̀, àti lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbùkù kọ́. Àwítúnwí yẹn gan-an ni àìsàn náà. Nígbà tí òǹkàwé bá pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹwàá, kò nílò ìwé atúmọ̀-èdè mọ́. Green fúnra rẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun ní irú àìsàn yìí, kò sì yani lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ti àlejò.

Àfiwé tó fi gbé e kalẹ̀ ni ti ìlà tó ń lọ́ yípo wọ inú ara rẹ̀, tí kò sì lópin. Òkòtó tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré lè jíṣẹ́ yìí ní Yorùbá: ó ń yí, ó ń yí, kò sì débì kan. Ìyàtọ̀ kan péré ló yẹ kí ògbufọ̀ kíyè sí. Ó máa ń rẹ òkòtó, yóò sì ṣubú. Èrò Aza kì í rẹ̀ ẹ́.

Ohun mìíràn tó gún Aza lọ́kàn kì í ṣe orúkọ tí dókítà pe àìsàn rẹ̀. Daisy, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ń kọ ìtàn. Ó dá Ayala sínú rẹ̀, ẹ̀dá-ìtàn tó jọ Aza, tó sì jẹ́ ìyọnu fún àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tí Aza kà á, ńṣe ló dà bí ẹni tó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Níhìn-ín ni ìwé náà ti fi hàn pé èdè òǹwòran lè ti ẹnu ọ̀rẹ́ jáde.

Ọkọ̀ àti ibú

Ọ̀nà tí Shusterman gbà yàtọ̀. Caden Bosch, ọmọ ọdún 15, ń gbé ayé méjì pọ̀. Ọ̀kan ni ilé, ilé-ìwé, àti lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ilé-ìwòsàn. Èkejì ni ọkọ̀ ojú omi tí ọ̀gákọ̀ olójú kan ń darí lọ sí ibú tó jìn jù láyé, ní Òkun Pàsífíìkì, tí jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 11. Díẹ̀díẹ̀ ni òǹkàwé ń mọ̀ pé àwọn ará ọkọ̀ ni àwọn ará ilé-ìwòsàn. Hal, tí òun àti Caden jọ wà ní yàrá kan, tí kò yé wo àwòrán ilẹ̀, ló ń la ọ̀nà fún ọkọ̀ náà lójú òkun. Brendan, ọmọ òǹkọ̀wé, ti la irú àìsàn yìí kọjá, àwọn àwòrán rẹ̀ sì wà nínú ìwé náà, èyí tó gba ẹ̀bùn National Book Award ti ìwé àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2015.

Orúkọ àìsàn kọ́ ni ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù nínú ìwé yìí. Bí a ṣe ń sọ ohun tí kò lórúkọ ló ń kọ́ni, nípasẹ̀ àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Ibẹ̀ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Bí òǹkàwé bá ti mọ ẹni tí olúkúlùkù ará ọkọ̀ dúró fún, ìtàn náà a máa sún mọ́ àlọ́ àpamọ̀ tí a ti já. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ èyí ni ibú náà fúnra rẹ̀, tó ń pe Caden bí ẹni pé ìsinmi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òǹkàwé tó bá ti gbọ́ ìpè yẹn mọ ohun tí ìtumọ̀ inú ìwé atúmọ̀-èdè kò lè fún un.

Ohun tó wà nílẹ̀ ní Yorùbá

Ní ọdún 1976, Jane Murphy lo ọ̀rọ̀ náà wèrè nínú ìwé ìròyìn Science láti fi hàn pé Yorùbá dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, wọ́n sì ní orúkọ fún un, láìdúró de Òyìnbó. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó le jù ni wèrè ń tọ́ka sí. Kò sí Yorùbá kan tí yóò pe Aza ní wèrè. Ó ń lọ sí ilé-ìwé, ó ń wa ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìsoríkọ́, tó ti di orúkọ fún irú ìrẹ̀wẹ̀sì tó di àìsàn, kò bá a mu pẹ̀lú, nítorí pé ìdúró ara ló fi ń júwe ọkàn: orí ló so kọ́. Orí Aza kò sì so kọ́.

Ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Àròkàn ni, tí àwọn àgbà ní òun ní í fa ẹkún àsun-ùn-dákẹ́. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe rò ni ó ti wá, pẹ̀lú àròdùn àti àròjinlẹ̀. Ẹ tún wo àwọn àpólà bí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, àyà rẹ̀ ń já, ọkàn rẹ̀ pòrúurùu. Láti inú ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Èdè àwọn ìyá ni, èdè ẹni tí kò lè dúró wòran.

Ohun tó wà nínú ọ̀ràn yìí ju ẹwà èdè lọ. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, tí aláìsàn fi ń gbé láàrin àwọn ará abúlé, tí ẹbí rẹ̀ kan sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti sọ aláìsàn di ará ilé, orúkọ ibẹ̀ ti di èébú lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Títí di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ, òfin ọdún 1958 tí orúkọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí Òfin Wèrè ló wà nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wèrè nìkan jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ní yóò dákẹ́ nígbà tí ọkàn tirẹ̀ bá dàrú, nítorí pé kò sẹ́ni tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nínú kíláàsì

Àṣà tó wọ́pọ̀ ni kí olùkọ́ to ọ̀rọ̀ líle sójú pátákó kí kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé Green, orúkọ kòkòrò àìfojúrí ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tí a ó kó jọ. Iṣẹ́ tó sàn jù ni aáyan ògbufọ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ojú ìwé kan níbi tí Aza ti ń bá ara rẹ̀ jiyàn, kí ó gbé e sí Yorùbá láìlo wèrè, láìyá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Yóò di dandan fún un láti bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè, kí ó sì yàn láàrin àròkàn, àròdùn àti ìdààmú ọkàn.

Àwọn kan lè sọ pé irú ìwé báyìí yóò mú kí ọ̀dọ́ máa fi orúkọ àìsàn pe gbogbo ìbànújẹ́. Ewu náà wà lóòótọ́, pàápàá fún ẹni tó mọ orúkọ láìka ìtàn. Ẹni tó bá Aza dé òpin ìwé yóò mọ̀ pé ìbànújẹ́ ẹni tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò àti àìsàn tí kò jẹ́ kí ènìyàn ní ìsinmi nínú ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé méjèèjì kò ṣèlérí pé ìwòsàn ti dé pátápátá. Wọ́n fi aláìsàn sílẹ̀ pẹ̀lú àìsàn rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀, àti èdè tó lè fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ kò sì lè jẹ́ òpin iṣẹ́ náà fún Yorùbá. Ìtàn àròsọ tí a fi Yorùbá kọ fún ọ̀dọ́langba, tí ẹ̀dá-ìtàn inú rẹ̀ ń sọ àròkàn tirẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, ló kù kí àwọn òǹkọ̀wé gbé dìde. Òwe ní wèrè kò ṣeé bí lọ́mọ. Òǹkàwé tó bá fi ọjọ́ mélòó kan gbé inú orí Aza tàbí ti Caden kò ní lè padà sẹ́bàá ọ̀nà lọ máa wòran.