Ilé Kì í Ṣe Nọ́ńbà

Àwọn àgbà ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé inú òwe yìí kì í ṣe ògiri àti páànù. Àwọn ènìyàn tí ń bẹ nínú rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé, bí àlejò bá béèrè ilé ẹnìkan ní Amùkòkò, lẹ́bàá Ajégúnlẹ̀, nọ́ńbà nìkan kọ́ ni a ó fi dá a lóhùn. A ó dárúkọ ibùdókọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláṣí, a ó sì fi orúkọ onílé tì í lẹ́yìn.

Fọ́ọ̀mù ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́ irú èdè yìí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní AVS, tí ó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nọ́ńbà ojúlé àti kóòdù ìfìwéránṣẹ́ tí oníbàárà kọ ni ó ń fi wé èyí tí ó wà lọ́wọ́ báǹkì tí ó ni káàdì. Káàdì báǹkì Nàìjíríà kì í sábà sí lábẹ́ ètò náà. Nítorí náà, èsì tí oníṣòwò òkèèrè ń rí gbà kì í ṣe pé àdírẹ́sì kò bára mu. Ohun tí ó ń wí ni pé a kò rí i yẹ̀ wò.

Oníṣòwò tí ó bá ka gbólóhùn méjèèjì sí ọ̀kan náà ti dá ẹjọ́ tí kò gbọ́. Kódà, bí àdírẹ́sì kò bá bára mu ní tòótọ́, ayálégbé lè ti kó kúrò láìtíì sọ fún báǹkì. Olè tí ó jí káàdì pẹ̀lú àdírẹ́sì olóhun, ẹ̀wẹ̀, nọ́ńbà tirẹ̀ yóò bára mu régé.

A kò ní kí oníṣòwò má ṣọ́ra. Bí olóhun káàdì bá ní òun kọ́ ni òun rajà, báǹkì lè gba owó padà lọ́wọ́ oníṣòwò nígbà tí ọjà ti lọ. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra yàtọ̀ sí títi ìlẹ̀kùn mọ́ odidi orílẹ̀-èdè, bí PayPal ti ṣe sí àwọn ará Nàìjíríà títí di ọdún 2014.

Ètò ìsanwó tiwa sún mọ́ òwe àgbà ju AVS lọ. Nígbà tí a bá ń ti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ bíi Paystack, tí a dá sílẹ̀ ní 2015, sanwó, báǹkì sábà máa ń fi kóòdù ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí fóònù olóhun káàdì. Ènìyàn ni ó ń bi léèrè, kì í ṣe ògiri. Kí oníṣòwò òkèèrè náà béèrè bẹ́ẹ̀. Bí iyè bá ṣì ń jà á, kí ó dá ọjà dúró, kí ó sì kàn sí oníbàárà. Ẹni tí ó wo nọ́ńbà nìkan kò tíì wo ilé, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọmọ ẹlòmíràn ní olè.