Gbígbọ́ ni ìgbádùn, kì í ṣe gbígbà

Akẹgbẹ́ mi kan nínú ìmọ̀ èdè tún ti kọ ọ́ pé inú “gbà” àti “adùn” ni “ìgbádùn” ti ṣẹ̀ wá, pé ẹni tó ń gbádùn ń gba adùn lọ́wọ́ ẹni tó fún un. Ibẹ̀ ló gbà bọ́ sórí ẹ̀bùn, ìdúpẹ́ àti ìwà ọmọlúàbí. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, ó sì ń dùn mí, nítorí ohùn lásán ti tó láti wó àlàyé náà lulẹ̀.

Kí ó pe “gbayì”, kí ó sì fetí sí ara rẹ̀. “Gbà” àti “iyì” ló para pọ̀ di “gbayì”. Ohùn ìsàlẹ̀ orí “gbà” di ohùn àárín nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e, òfin tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ti jíròrò nínú ìwé gírámà rẹ̀ ní 1966. “Iyì” àti “adùn” sì gba ohùn kan náà. Bó bá jẹ́ “gbà” ni, “gbadùn” ni à bá máa pè é. Ohùn òkè tó wà lórí “gbádùn” ti “gbọ́” ni: a pa fáwẹ̀lì rẹ̀ jẹ, ohùn rẹ̀ dúró, bí “gbé ọmọ” ṣe di “gbọ́mọ”. Ẹ má sì sọ fún mi pé etí nìkan ló ń gbọ́. À ń gbọ́ òórùn, à ń gbọ́ èdè.

Ìdí tó fi jẹ́ gbígbọ́ ló tilẹ̀ jẹ mí lógún jù, ara “dùn” ló sì wà. Ẹni tó bá ní adùn oyin àti ṣúgà ni “dùn”, kí ó wá ṣàlàyé ọbẹ̀ ewúro tó dùn, ìlù tó dùn, àti ìtàn tó dùn. Kí ó wá ṣàlàyé ẹsẹ̀ tó ń dùn mí pẹ̀lú. Àwọn kan á ní “dùn” méjì ló wà, wọ́n á fi nọ́ńbà sí wọn lára, wọ́n á kọjá lọ. Ọ̀lẹ ni mo ka ìyẹn sí. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ló bí “adùn” àti “ẹ̀dùn”. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń rìn nínú gbólóhùn. Ìrora kì í wá alárinà, ẹni gan-an ló ń dì mú: ó dùn mí. Adùn kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó dùn mọ́ mi, ó dùn lẹ́nu mi, inú mi dùn. Ara nǹkan ló ń gbé, àfi kí ènìyàn gbọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ̀dùn ti wà lára ẹni ná, kò ku ohun tí a ó gbọ́. Kíké ni à ń ké e, òun ló di “kẹ́dùn”, kí ẹlòmíràn lè wá bá ni kẹ́dùn.

Ẹ jẹ́ kí akẹgbẹ́ mi wá wo aláìsàn tí a ní ara rẹ̀ kò gbádùn. Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ó gbà á, ó mu ún. Wọ́n se ọbẹ̀ ẹja tútù fún un, ó gba ìyẹn náà, ẹnu rẹ̀ sì korò síbẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n fún un ló gbà. Kò gbọ́ adùn kankan níbẹ̀.