Ta Ni Tata? Àyẹ̀wò Ìtàn Alhassan Dantata

Ẹni tí ó bá pẹ́ díẹ̀ ní Sabon Gari yóò gbọ́ ìtàn Alhassan Dantata, oníṣòwò obì àti ẹ̀pà tí a bí ní Bebeji ní 1877, tí ó sì kú ní 1955. Ibi tí àwọn apìtàn ti máa ń ṣe fọ́nńté jù ni ti 1929, nígbà tí báńkì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣí ẹ̀ka sí Kánò: wọ́n ní ràkúnmí 20 ni ó ru owó fàdákà rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìtàn náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹrù ni ó fi hàn wá, kò fi ènìyàn hàn wá.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí a tú wò. Ní èdè Haúsá, ‘Dan Tata’ ni ‘ọmọ Tata’. Tata kọ́ ni ó bí i; ẹrúbìnrin ilé wọn ni. Nígbà tí bàbá kú, tí ìyá sì gba Accra lọ ṣòwò, òun ni ó tọ́ ọmọ náà dàgbà. Orúkọ rẹ̀ ni ìdílé ọlọ́rọ̀ náà ń jẹ́ títí di òní olónìí. Síbẹ̀ gbólóhùn kan péré ni àwọn apìtàn fi ń kọjá lára rẹ̀ kí wọ́n tó sáré lọ sídìí ẹ̀pà. (Àwa náà ńkọ́? Ta ni ó ń dárúkọ ẹrú nínú oríkì ilé bàbá rẹ̀?)

Ẹni tí yóò bá tún ìtàn yìí kọ, kí ó fi ràkúnmí sílẹ̀ ná, kí ó kọ́kọ́ wádìí ìlú tí a ti mú Tata wá.